A kì í fá orí lẹ́yìn olórí

Kò sí onílé tí yóò jí ní òwúrọ̀, tí yóò bá a pé a ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn àká rẹ̀ ní òru, tí a sì ti gbé ihò kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀, tí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà tí kò rán níṣẹ́. Bí ilẹ̀kùn tuntun náà tilẹ̀ lẹ́wà ju ti àtijọ́ lọ, onílé yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ni ó sọ fún yín pé mo fẹ́ ẹ?" Irú ohun báyìí gan-an ni ó ń dé bá àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní ayé òde òní. Àwa gbé ọ̀ràn náà wá síwájú àwọn òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, nítorí pé ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan gbogbo orílẹ̀-èdè tí ń fi ẹ̀rọ àjèjì ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé wa wà?

Ọ̀rọ̀ aṣínà tí a ń wí yìí ni èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù. Ní ọdún 1961, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan má baà máa tú ẹrù ẹnì kejì wò, wọ́n fún olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ tí yóò máa fi ṣí tirẹ̀. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan ni fún ẹnì kan, ẹrù náà sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, nígbà tí Corbató ti di arúgbó, òun fúnra rẹ̀ wí fún oníròyìn pé ohun náà ti di àlá burúkú láti ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ayé kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan ní Kùmásì ṣe àpẹẹrẹ. Ó lè jẹ́ ọmọ Àṣántì, ó sì lè jẹ́ ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ tẹ̀dó sí Zongo tàbí sí Asawase. Kí ó tó rí ìwé owó oṣù rẹ̀, yóò wọ ojú-ewé ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ìwé àṣẹ ìkọ́ni rẹ̀ má baà kú, yóò wọ ojú-ewé Ìgbìmọ̀ Àwọn Olùkọ́. Báǹkì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, owó orí fóònù tí wọ́n ń pè ní Momo sì ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ ètò láptọ́ọ̀pù kan fún olùkọ́ kan. Ìjọba san ìdá 70 nínú 100 owó rẹ̀, olùkọ́ sì san ìdá 30 yòókù láti inú owó ìrànwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ti di ohun èlò iṣẹ́ olùkọ́ bí ṣọ́ọ̀kì àti pátákó, bí kọ̀ǹpútà sì ti ń wọlé ni ọ̀rọ̀ aṣínà ń pọ̀ sí i.

Nítorí ẹrù yìí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan, èyí tí àwa yóò máa pè ní àpótí aṣínà nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni ni a ó kó sínú rẹ̀. Àpótí náà yóò fi ẹnà dì wọ́n, tí ó fi jẹ́ pé bí olè bá tilẹ̀ gbé e, kìkì wúruwùru ni yóò rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó ni àpótí nìkan mọ̀, ni ó lè tú ẹnà náà. Àpótí yóò máa bá a dá ọ̀rọ̀ gígùn tí ó ṣòro láti mọ̀ sílẹ̀ fún ibi kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa bá a kọ ọ́ síbi tí ó yẹ. Ohun rere ni. Àwa kò ní ìjà kankan pẹ̀lú rẹ̀, a sì gba gbogbo olùkọ́ níyànjú láti ní ọ̀kan. Bí àwọn tí wọ́n ṣe é ṣe ń tún un ṣe láìfi ti àwọn tí ń lò ó pè ni àwa ń bá wí.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ni ó ni àpótí tí ń jẹ́ 1Password, èyí tí ó ti wà láti ọdún 2006. Nígbà tí ó mú ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ jáde, fún Windows ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àti fún Mac ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, kì í ṣe pé ó kun ilé àtijọ́ lọ́dà. Ńṣe ni ó wó o tí ó sì tún un kọ́. Nínú ẹ̀dà keje, ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi àpótí rẹ̀ sí orí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ láìfi ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Nínú ẹ̀dà kẹjọ, àyè yẹn dópin: olúkúlùkù ní láti gba àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹrù tí a ti dì náà sì wà nínú kọ̀ǹpútà tiwọn pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀ rí, ènìyàn lè ra ètò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì máa lò ó. Nísinsin yìí, owó tí a ń san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún ni.

Àwọn tí ń lo Mac kígbe jù. Wọ́n ní ẹ̀dà tuntun náà, tí a fi ohun èlò tí ń jẹ́ Electron kọ́ kí ó lè rí bákan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, kò dà bí ohun tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà tiwọn mọ́. Fèrèsé kékeré tí wọ́n ń pè ní mini, tí ó máa ń wà ní òkè ojú kọ̀ǹpútà, tí ọwọ́ wọn ti mọ́ lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, pòórá. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti mọ ọ̀nà ọjà kan kò ní ṣàì ṣì ọ̀nà nígbà tí a bá kó ọjà náà lọ síbòmíràn ní òru.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ó kan àwọn tí ń lo Bitwarden, àpótí ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn nítorí pé a lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ojú apá rẹ̀ tí ń bá ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá tẹ orúkọ báǹkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú àpótí, àpótí yóò kọ ọ̀rọ̀ aṣínà síbi tí ó yẹ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹni tí ó bá tẹ orúkọ náà yóò kàn rí ìwé àlàyé tí ó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kí ó tó lè kọ ọ̀rọ̀ náà, ó ní láti wá bọ́tìnì kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́. Àyè tí ó wà láàárín ìlà kan àti èkejì sì fẹ̀ sí i, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ tí ojú ń rí lẹ́ẹ̀kan náà dín kù. Ẹni tí ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè má bìkítà. Ẹni tí ń ṣe é ní ogún ìgbà lójúmọ́ yóò mọ̀ pé wọ́n ti fi ẹrù kún ẹrù òun.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ lé e yẹ ní ìyìn. Àwọn ènìyàn kígbe, wọn kò sì kígbe lásán: wọ́n sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà fi àyè sílẹ̀ nínú ètò rẹ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ fi lè dá títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ti àtijọ́ padà, tí ó sì lè sún àwọn ìlà súnmọ́ ara wọn. A rí i báyìí pé ohùn àwọn tí ń lo nǹkan lè dé etí àwọn tí wọ́n ṣe é. Ohun tí ó kù láti béèrè ni pé, èé ṣe tí a kò fi béèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó wó ilé?

Àwọn kan yóò wí pé ẹjọ́ ọ̀lẹ ni èyí, pé ẹni tí kò bá lè kọ́ ibi tí bọ́tìnì tuntun wà, kò yẹ kí ó lo kọ̀ǹpútà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àpótí bá nira láti lò, ẹni tí ó ni ín kì í jókòó tì í. Ó máa ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Yóò kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìmúrasílẹ̀ iṣẹ́, níbi tí gbogbo ọmọ kíláàsì lè rí i. Yóò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣí báǹkì, lẹ́tà àti ojú-ewé ìjọba. Tàbí kí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Bá mi ṣe é," kí ó sì ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sí i létí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìnira tí a fi kún lílo àpótí náà ni ó la ẹnu ògiri.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1883, Auguste Kerckhoffs, ọmọ ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì kan tí ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, kọ ìlànà mẹ́fà sílẹ̀ fún ẹnà tí àwọn ológun ń lò. Èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú wọn ni pé ẹnà náà gbọ́dọ̀ rọrùn láti lò, kí ó má ṣe ni ọpọlọ ẹni tí ń lò ó lára, kí ó má sì ní òfin gígùn tí yóò máa há sórí. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ọmọ ogun tí ẹ̀rù ń bà, tí oorun sì ń kùn, ni yóò lo ẹnà náà. Ní ọdún 1999, Alma Whitten àti J. D. Tygar fún ènìyàn méjìlá ní ètò ìdì-lẹ́tà tí ń jẹ́ PGP, èyí tí gbogbo ayé ń yìn pé ojú rẹ̀ dára. Ní ìṣẹ́jú 90, ìdá kan péré nínú mẹ́ta wọn ni ó lè dì lẹ́tà kí ó sì fọwọ́ sí i bí ó ti yẹ. Àwọn mẹ́ta nínú àwọn méjìlá náà fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ ní gbangba láìdì í rárá. Ẹnà náà lágbára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ṣe àwọn mẹ́ta yẹn ní àǹfààní kankan.

A gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Àtúnṣe kò burú. Ẹ̀rọ tí a kò bá tún ṣe yóò jẹrà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, LastPass jẹ́wọ́ pé àwọn olè ti jí ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà rẹ̀ kó. Nígbà náà ni ó hàn sí gbogbo ènìyàn pé díẹ̀ nínú àwọn àpótí tí ó ti pẹ́ ni a kò tíì fi agbára ẹnà wọn kún bí a ti fi kún ti àwọn tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni àtúnṣe ìbá ti wúlò, kò sì dé ibẹ̀. Kíkọ́ ètò kan náà fún gbogbo irú kọ̀ǹpútà sì ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí pé bí ihò kan bá yọ, ẹ̀ẹ̀kan ni a ó dí i. Ohun tí àwa ń wí ni pé irin inú àgádágodo yàtọ̀ sí ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ máa pààrọ̀ irin inú ní gbogbo ìgbà tí ó bá yẹ, láìjẹ́ pé onílé mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbé ojú ihò kúrò níbi tí ọwọ́ mọ̀ ọ́n sí, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé.

Ìnira yìí wúwo lórí wa ju bí ó ti wúwo lórí àwọn ará Toronto lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ní Gánà àti Nàìjíríà sì dákẹ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àpótí aṣínà máa ń fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà fún ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá bàjẹ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì yá ti ẹlòmíràn, yóò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ti owó ńkọ́? Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 2022, sídì Gánà wó lulẹ̀ gidigidi. Ní ọdún náà kan náà, ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà dín iye tí a lè fi káàdì náírà ná sí òkè òkun kù, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Ẹni tí ó ti ra kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ rí, tí a wá sọ fún pé kí ó máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí LastPass sọ fún àwọn tí ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì, yálà kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Olùkọ́ tí ń lo láptọ́ọ̀pù ní ilé-ìwé, tí ó sì ń lo fóònù nílé, rí i pé a ti là á sí méjì.

Kùmásì jẹ́ ìlú tí ó mọ bí a ti ń pa ohun iyebíye mọ́. Ní ọdún 1900, nígbà tí gómìnà òyìnbó, Sir Frederick Hodgson, dìde láàárín ìlú tí ó sì béèrè fún Ìjókòó Wúrà ti àwọn Àṣántì kí òun lè jókòó lé e, ogun ni ó fi gbà. Yaa Asantewaa ni ó ṣáájú ogun náà, a mú un, a sì gbé e lọ sí Seychelles, ṣùgbọ́n ọwọ́ gómìnà kò tẹ Ìjókòó náà. Àwọn tí wọ́n gbé e pamọ́ ṣe ohun méjì: wọ́n fi í pamọ́ fún àjèjì, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà dé ibẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Ìdánwò méjì yìí náà ni ó yẹ kí a fi dán gbogbo àpótí aṣínà wò. Bí ó bá yege nínú ọ̀kan ṣoṣo, kò tíì pé.

Àwọn Yorùbá Kùmásì pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n sì fi gbèsè sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà. Àwa kò fi ìyà ènìyàn wé ìyọnu ẹ̀rọ. Ó jìnnà síra. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí, àti àwọn ọmọ wọn, mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí a fún ní àkókò tó láti di ẹrù rẹ̀ àti ẹni tí a kò fún. Èyí ni ó fà á tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrù sínú àpótí tí kò ní jẹ́ kí ó kó o jáde.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni àwa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe àpótí aṣínà. Èkíní, kí wọ́n kéde àtúnṣe ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà lè yé. Èkejì, kí wọ́n fi ojú àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun fún ọdún kan ó kéré tán, kí ọwọ́ lè kọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ènìyàn, olówó àti ẹni tí ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, lè kó ẹrù rẹ̀ jáde nígbàkígbà. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n dán iṣẹ́ wọn wò lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, lórí láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú, níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣẹ́jú, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń fà. Ohun tí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa ní Asawase yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo.

A ní ọ̀rọ̀ fún àwọn báǹkì àti àwọn ìjọba wa náà. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ NIST gbé ìlànà jáde pé kí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì máa gbà kí àpótí aṣínà kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, kí wọ́n má sì máa fipá mú ènìyàn láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ nígbà gbogbo láìnídìí. Kí àwọn ojú-ewé tiwa náà tẹ̀ lé e. Gánà ní òfin ààbò ìsọfúnni láti ọdún 2012, ó sì ní òfin ààbò orí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2020. Nàìjíríà ní òfin ààbò ìsọfúnni tirẹ̀ láti ọdún 2023. Òfin wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba bá fẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́, kí ó pe olùkọ́ méjìlá jọ kí wọ́n kọ́kọ́ lò ó níwájú òun. Ohun tí Whitten àti Tygar ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa ní iṣẹ́ láti ṣe. Láti ọdún 1952 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di Yunifásítì Kwame Nkrumah ní Kùmásì ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àpótí kan wà tí ń jẹ́ KeePassXC, tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó ń fi ẹrù sí orí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ni ín, tí a sì ṣí ìwé ìṣẹ̀dá rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà àti láti tún ṣe. Kò sí ohun tí ó dí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Kùmásì, tàbí ti Ìbàdàn, tàbí ti Ilé-Ifẹ̀, lọ́wọ́ láti mú irú rẹ̀, kí ó kọ ojú rẹ̀ ní èdè Twi àti ní èdè Yorùbá, kí ó gbé e lọ bá àwọn ìyálọ́jà ní Kejetia, kí ó sì fi sùúrù wo ibi tí ọwọ́ wọn ti ń ṣìnà. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ìlú ń wò. Ẹ má ṣe torí ìbínú sọ àpótí yín nù kí ẹ sì padà sí ìwé ìmúrasílẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bá ara wọn tan ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi máa ṣí i, kì í ṣe òwe tí gbogbo ayé mọ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, nítorí pé kọ̀ǹpútà àjọyá lè má ní àmì náà. Ẹ kọ ẹ̀dà kan sórí ìwé, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí ẹrù nílé, kì í ṣe ní ilé-ìwé. Kí ẹ tó gba àtúnṣe ńlá, ẹ kó ẹ̀dà ẹrù yín jáde. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀dà tí a kó jáde kì í sábà ní ẹnà lára, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i lè kà á, nítorí náà ẹ pa á rẹ́ ní kété tí ẹ bá ti rí i pé àpótí tuntun ń ṣiṣẹ́. Bí àtúnṣe bá ni yín lára, ẹ kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì sọ ọ́ ní pàtó: "Tẹ́lẹ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nísinsin yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni." Èébú kò tún nǹkan ṣe. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni ó dá títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan padà fún àwọn tí ń lo Bitwarden.

Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957, Nàìjíríà gbà á ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960. Àwọn bàbá wa kò jà kí a lè máa ṣe gbogbo nǹkan fúnra wa. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jà kí a lè máa bi wá kí a tó ṣe ohun tí ó kàn wá. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nípa ilẹ̀ àti ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nípa àpótí kékeré tí owó oṣù olùkọ́ àti àṣírí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Orí tiwa ni. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fá a kọ́kọ́ kàn sí wa.